Ibùsùn rìbìtì onírun àti fóòmù ₦7,000: èwo ló yẹ ológbò tó ti darúgbó?

Bí ológbò yín ò bá tíì pé ọmọ ọdún 10, ibùsùn rìbìtì onírun tí gbogbo ayé ń tà lórí Instagram yìí dáa. Ó rọ̀, ó wuyì, ológbò á wọ inú ẹ̀, á ká kò, á sùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àgbà lẹ ní nílé bíi tèmi, ẹ ṣọ́ owó yín. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gé fóòmù létí títì.

Dúdúyẹmí ni tèmi ń jẹ́. Abo ni, ó dúdú láti orí dé ìrù, àfi funfun bíńtín kan lábẹ́ àgbọ̀n. Aránṣọ ni mí. Ní 2010, nígbà tí èkúté ń jẹ aṣọ oníaṣọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, oníbàárà mi kan gbé e wá fún mi nínú páálí bàtà. Mi ò fẹ́ràn ológbò nígbà náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé eku wá síwájú máṣíìnì mi ni mo pa ẹnu mọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ológbò tó pé ọdún 15, bí a bá fi wé ọjọ́ orí ènìyàn, ìyá ẹni bí ọdún 76 ni.

Ológbò tí ara rẹ̀ le máa ń sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, nítorí náà oorun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àkókò ọdẹ wọn. Dúdúyẹmí a máa sùn lọ́sàn-án lórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, lókè pátápátá, níbi tí ooru páànù ti ń bọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun àsùbáà báyìí, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan mi nímú pé ilẹ̀ ti mọ́, oúnjẹ dà?

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni mo rí i pé kò gun kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, lẹ́yìn fíríìjì, níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti máa ń gbóná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ibẹ̀ tutù, á dìde, á máa wá ibòmíràn kiri, bóyá ẹ̀gbẹ́ bátìrì invẹ́tà, bóyá abẹ́ tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ. Oorun ọ̀sán rẹ̀ wá wúwo débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa fọwọ́ kàn án wò bóyá ó ṣì ń mí. Ní òru ẹ̀wẹ̀, igbe ni. Kì í ṣe igbe abo tó ń wá akọ, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́. Á dúró sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ láago méjì òru, á kọjú sí ògiri, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í han, igbe gígùn tó ń ti inú lọ́hùn-ún wá.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí ládùúgbò tí ológbò dúdú bá ń han lóru. Alhaja tó ń gbé òkè pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà, kò tiẹ̀ dáhùn kíkí tí mo kí i dáadáa. "Ìyá Bísọ́lá, ẹ wá nǹkan ṣe sí ẹ̀dá yìí o. Kì í ṣe oun lásán ló ń bá sọ̀rọ̀ lóru." Mo ní ológbò mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, ó ti darúgbó ni. Ó wò mí bíi pé èmi gan-an ni mo rán an níṣẹ́.

Bísọ́lá ọmọ mi ló rí ibùsùn náà lórí fóònù. "Ìtùnú fún ológbò àgbà" ni àwọn tó ń tà á kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. ₦28,500, owó gbígbé wá láti Èkó ò sí nínú ẹ̀. Nígbà tó dé, wọ́n ti fún un pa sínú ọ̀rá, ó pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. A gbọ̀n ọ́n, a sá a sóòrùn, ó sì wú padà bí wọ́n ṣe wí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: ojú rírán sún mọ́ra, okùn ò já níbì kankan, irun rẹ̀ kì í já sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni etí rẹ̀. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ìnṣì mẹ́jọ gbáko ló ga. Dúdúyẹmí rọra yí i ká, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé etí náà. Etí rì díẹ̀. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún gbéra nílẹ̀, ó gbọ̀n lófuurufú, ó padà sílẹ̀. Ó tún un gbé, ó tún padà. Kò ké, kò tiro, kò ṣe bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ó kàn sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó padà sẹ́yìn fíríìjì rẹ̀.

Mo wá gbé e sínú ẹ̀ fúnra mi. Ó rì. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, mo tẹ àárín ibùsùn náà, ìka mi kan táìsì. Òwú lásán ni wọ́n dì sínú ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì sá lọ sí etí. Àárín, níbi tí egungun máa sùn lé, ò ní nǹkan kan. Nígbà tó fẹ́ dìde, èékánná rẹ̀ há sínú irun náà. Ológbò àgbà kì í ha èékánná mọ́ nǹkan mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èékánná á wá gùn, á tẹ̀ kọ́rọ́, ohunkóhun tó bá ní irun gígùn á sì mú un. Èmi ni mo tú u sílẹ̀.

Mo tún wá síìpù tí mo lè fi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fọ̀, kò sí. Odindi rẹ̀ lẹ máa fọ̀. Lásìkò òjò, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbà á padà, wọ́n ní àwọn kì í gba ohun tí ẹranko bá ti wọ̀. Ó dáa.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọmọdébìnrin kan ni, kò lè ju Bísọ́lá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó tẹ ìbàdí, ó tẹ ìgúnpá, ó ká ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe kan ìbàdí ọ̀tún, Dúdúyẹmí yí orí padà bí ẹni fẹ́ bù ú jẹ. "Ẹ rí i, Mummy," ó ní, "làkúrègbé ni. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń mú un sùn, ó ń sùn torí kó má baà rìn ni." Ó ní ológbò kì í fi ìrora hàn bí ajá ṣe máa ń ṣe, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń dùn ún pọ̀, kò ní tiro rárá, á kàn jáwọ́ nínú fífò ni. Àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2002 yẹ fọ́tò egungun àwọn ológbò àgbà wò, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn tó ti ju ọdún 12 lọ, 90 nínú 100 ni oríkèé wọn ti ń bàjẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí gbogbo ológbò àgbà tí mo ti rí rí tí a ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ní ti igbe òru, kò yára dájọ́. Ó ní ológbò àgbà lè máa han lóru torí pé etí rẹ̀ ti di, tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, tàbí thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ jù. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣarán, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀, ó tan iná sí ojú rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó so ọ̀já kékeré mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti wọn ìfúnpá. Èsì ni pé kíndìnrín ti ń rẹ̀ ẹ́, ìfúnpá sì ga. Oògùn tó kọ fún un, amlodipine, òun náà ni èmi gan-an ń lò láràárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín, ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bu tèmi fún un, pé ìwọ̀n tiẹ̀ kéré gan-an sí ti ènìyàn.

Kí n tó gbàgbé: ẹnìkan ládùúgbò ti gbà mí nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ pé kí n lọ paracetamol mọ́ ẹja fún un. Ẹ má dán an wò láéláé. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè da oògùn yẹn, hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Ó wá kan fóòmù. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gé e létí títì nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi bi mí pé, "Àga ni àbí bẹ́ẹ̀dì, Màámi?" Mo ní ológbò ni. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo sọ ohun tí mo fẹ́: ìnṣì 24 ní gígùn, 18 ní fífẹ̀, mẹ́rin ní nínípọn, mẹ́ta líle nísàlẹ̀, ọ̀kan rírọ̀ lókè, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, kó sì fi ọ̀bẹ dẹ etí iwájú sílẹ̀ kí ó lè máa rìn gòkè láìfò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní fóòmù tó bá rì mọ́ ọwọ́. Ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, kó dìde tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Ó gé e lójú mi, ₦7,000. Dídẹ tó dẹ etí rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá kan, kò sì sí rìsíìtì, ẹ má retí rẹ̀.

Èmi ni mo rán ẹ̀wù rẹ̀. Tapọ́lì ló wà nísàlẹ̀, torí ológbò tí kíndìnrín ń dà láàmú a máa tọ̀ púpọ̀, ọjọ́ kan ò sì ní lè tètè dé ibi iyanrìn rẹ̀. Lókè, aṣọ kọ́tìnnì pẹ̀lẹbẹ tí kò nírun, kí èékánná má baà há. Síìpù ní ẹ̀gbẹ́ gígùn. Mo sá fóòmù náà sóòrùn dáadáa kí òórùn gọ́ọ̀mù tó kúrò, mo wá tẹ́ bùbá mi tí mo ti wọ̀ tí n kò tíì fọ̀ lé e lórí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gorí rẹ̀, ó yí po, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọọrọ, nǹkan tí kò ṣe lẹ́yìn fíríìjì rí.

Ológbò fẹ́ràn ooru ju wa lọ. Ara wọn gbóná tó 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, ibi tó bá sì ti tutù ju nǹkan bí 30 lọ, agbára ni wọ́n ń ná láti mú ara móoru. Lásìkò ọyẹ́, mo ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo ń fi tówẹ̀lì wé e, mo sì ń gbé e sí igun kan ṣoṣo ibùsùn náà kó lè sún kúrò tó bá gbóná jù fún un.

Ẹni tó bá rò pé ibùsùn ló máa gba òun lọ́wọ́ igbe òru, kó gbọ́ o: fóòmù yìí ò mú igbe kúrò. Oògùn ìfúnpá ló dín in kù, pẹ̀lú gílóòbù kékeré tí mo ń tàn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè ríran, àti oúnjẹ alẹ́ tí mo sún sí aago mẹ́wàá kó lè yó sùn. Ó ṣì máa ń han lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Alhaja ṣì ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Ìdíyelé mi: ibùsùn rìbìtì, 2 nínú 5 fún ológbò àgbà, 4 fún ọmọdé. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé e lọ fún ọmọ ológbò tirẹ̀, ó ní inú ẹ̀ ló ń gbé. Fóòmù, 4 nínú 5. Wíwọ́ yẹn ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Owó dókítà ju ti ibùsùn méjèèjì pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lapá yín ká, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ológbò yín lọ. Bí ẹ bá sì ṣáà fẹ́ ra rìbìtì fún àgbà, ẹ ní kí wọ́n wọn etí ibi àbáwọlé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: kó má ju ìnṣì mẹ́ta lọ, kó sì ní síìpù.