Server Database: Ṣé Kí Ẹ Ra Oníprocessor Méjì àbí Ẹlẹ́yọ Kan Tó Yára?

“Processor mélòó ló wà nínú ẹ̀?” Ìbéèrè tí olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta server nìyẹn. Tí wọ́n bá ti sọ fún un pé méjì ni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Bó bá jẹ́ database lẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí database yín ń ṣe. Ṣé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí ìṣirò ńlá díẹ̀ tó ń pẹ́ kó tó parí? Fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké, ẹyọ kan tó yára ló máa ṣe wọ́n láǹfààní jù.

Ẹ̀rọ méjì tó yàtọ̀ síra dáadáa ni mo fi wéra. Ọ̀kan ni Dell PowerEdge R730 tòkunbọ̀, tí irú rẹ̀ jáde ní 2014. Èkejì ni Dell R6515 tó jáde ní 2019, tó jẹ́ pé processor kan ṣoṣo ni àyè rẹ̀ gbà. Core ni apá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú processor, processor kan sì lè ní púpọ̀. L3 cache ni ibi ìpamọ́ kékeré tó yára nínú processor. Xeon jẹ́ ti Intel, EPYC jẹ́ ti AMD.

| | R730, Xeon E5-2690 v4 méjì | R6515, EPYC 7313P kan |
|---|---|---|
| Core | 28 | 16 |
| Ìyára | 2.6 GHz, ó lè dé 3.5 | 3.0 GHz, ó lè dé 3.7 |
| L3 cache | 35 MB lọ́kọ̀ọ̀kan | 128 MB |
| Ihò RAM | 24 | 16 |
| Watt ti processor | 270 | 155 |

Ẹni tó bá wo ìlà àkọ́kọ́ nìkan á ní R730 ló borí. Àmọ́ nínú àwọn software database, PostgreSQL máa ń yan process kan (iṣẹ́ kan tó dá dúró) fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, MySQL náà á yan thread kan (okùn iṣẹ́ kan) fún un. Nígbà tí kaṣíà kan bá ta oògùn, tó sì ń retí kí rìsíìtì jáde, core kan ṣoṣo ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn 27 yòókù kò lè mú rìsíìtì yẹn yá. Ìgbà tí kaṣíà púpọ̀ bá jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni core púpọ̀ ń wúlò, àní nígbà yẹn pàápàá, tó bá jẹ́ pé orí row kan náà (ìlà kan nínú database) ni gbogbo wọn ti fẹ́ yọ iye ọjà kúrò, ṣe ni wọ́n á tò sẹ́yìn ara wọn. Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ṣàlàyé èyí láti 1967. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, iye processor yòówù kí ẹ kó jọ, iṣẹ́ náà kò lè yá ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

Ìṣirò ńlá ṣeé pín ní tiẹ̀. PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ sí pín query kan (ìbéèrè tí a fi ránṣẹ́ sí database) fún core púpọ̀ láti ẹ̀yà 9.6, ní 2016. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó o wá, ìtò tó ń jẹ́ max_parallel_workers_per_gather wà lórí 2, ìyẹn ni pé olórí kan àti olùrànlọ́wọ́ méjì ló máa dìde, kódà lórí ẹ̀rọ olócore 28. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé iye yẹn sókè. Ní ti MySQL, ọ̀pọ̀ jù lọ query ṣì ń lo thread kan ṣoṣo, nítorí náà ìyára core kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ RAM ni àwọn olùtà kì í sábà sọ. Nínú R730, processor kọ̀ọ̀kan ló ní RAM tirẹ̀ tó so mọ́ ọn tààrà. Bí core tó wà lápá kan bá nílò ohun tó wà nínú RAM apá kejì, ó gbọ́dọ̀ sọdá. Ó dà bí ẹni tó ń se ọbẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ sì wà ní ilé ìdáná alábàágbé. Ọbẹ̀ á jinná, àmọ́ àlọ àti àbọ̀ yẹn á wọ inú àkókò rẹ̀. NUMA ni ètò yìí. Tí Linux bá wà lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún yín, ẹ tẹ numactl --hardware. Ìsàlẹ̀ ohun tó máa jáde sábà máa ń rí báyìí:

node   0   1
  0:  10  21
  1:  21  10

10 ni RAM ìtòsí, 21 ni ti apá kejì. Ìwọ̀n ìfiwéra lásán ni, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà pín sí méjì. EPYC 7313P á fi node kan ṣoṣo hàn, àfi bí ẹnì kan bá ti yí i padà nínú BIOS.

MySQL ni ìpín yìí máa ń dà láàmú jù. Buffer pool ńlá (àyè RAM tí MySQL ń kó data sí) lè kún RAM apá kan, kí Linux bẹ̀rẹ̀ sí kó nǹkan lọ sínú swap (àyè orí dísìkì tó ń lò bíi RAM, tó sì lọ́ra), nígbà tí àyè ṣì wà ní apá kejì. Ẹ tan innodb_numa_interleave, tàbí kí ẹ fi numactl --interleave=all gbé MySQL dìde, kó lè pín ìlò RAM sí apá méjèèjì. Fún PostgreSQL, ẹ rí i dájú pé ìtò Linux tó ń jẹ́ vm.zone_reclaim_mode wà lórí 0. SQL Server mọ NUMA fúnra rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ lo SQL Server tàbí Oracle, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí owó ìwé àṣẹ lè ju owó ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Microsoft ń ta SQL Server ní core méjì-méjì, bí ẹ bá sì fi core rà á, gbogbo core tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ máa san. Iye tí wọ́n kọ síta fún ẹ̀yà 2022 Standard jẹ́ $3,945 fún core méjì. Lórí R730 yìí, $55,230 nìyẹn. Lórí R6515, $31,560 ni. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé Standard 2022 kò lè lo ju core 24 lọ, torí náà core mẹ́rin nínú 28 á jókòó láìṣe nǹkan kan, lẹ́yìn tí ẹ ti san dọ́là lé wọn lórí. Oracle Standard Edition 2 kò ní lo ju thread 16 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti Enterprise sì ń ka core meji gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ kan lórí Intel àti AMD: 14 fún R730, 8 fún R6515. PostgreSQL, MariaDB àti MySQL Community kò ní wàhálà yìí rárá.

Nígbà wo ni mo máa ní kí ẹ gbé R730? Tí ìṣirò ńlá bá ń lọ lọ́sàn-án lóru, tí àwọn tó ń lò ó bá pọ̀ gan-an, tí database kò sì ní owó ìwé àṣẹ. Ihò RAM 24 yẹn dára púpọ̀: RAM 32 GB nínú gbogbo wọn jẹ́ 768 GB. Àmọ́ ẹ ka iná mọ́ ọn. Processor nìkan, ìyàtọ̀ wọn tó 115 watt, ẹni tó bá ń fi inverter àti jẹnẹrétọ̀ gbé server mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ìparí oṣù.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ lọ síwájú server tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ní àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Ẹ tẹ top, àṣẹ Linux tó ń fi bí core ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí ẹ sì tẹ 1. Tí core kan bá gun 100 tí àwọn yòókù sùn, core tó yára lẹ nílò. Tí gbogbo wọn bá kún, ẹ fi core kún un. Tí “wa” (ìdá àkókò tí processor fi ń dúró de dísìkì) bá ga, dísìkì ni ìṣòro yín, processor méjì kò sì ní wò ó sàn. Ẹ wo ìtò PostgreSQL náà. Ó bani nínú jẹ́ kí èèyàn lọ ra ẹ̀rọ tuntun nígbà tí shared_buffers, àyè RAM tí PostgreSQL ń kó data sí, ṣì wà lórí 128 MB tó bá a wá, tó sì yẹ kó tó ìdá kan nínú mẹ́rin RAM.

Tí tòkunbọ̀ lẹ bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ níwájú yín. R730 tí wọ́n yọ processor kan nínú rẹ̀, ihò RAM 12 péré ló máa ṣiṣẹ́, àwọn kan lára ihò káàdì náà á sì kú. Tí wọ́n bá sọ pé “CPU 56,” ẹ wo lscpu, torí core 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní thread méjì ni wọ́n ń kà. Ẹ wo bátìrì káàdì PERC, èyí tó ń darí àwọn dísìkì, pẹ̀lú. Bó bá ti kú, káàdì náà kò ní gbà láti tọ́jú ohun tí ẹ ń kọ sínú cache rẹ̀ mọ́, commit kọ̀ọ̀kan (ìgbà tí database bá fi ìdí iṣẹ́ kan múlẹ̀) á sì máa dúró de dísìkì. Ẹ jẹ́ kí olùtà fi tuntun sí i kí ẹ tó sanwó.