Oògùn mẹ́ta tí mò ń lò lẹ́yìn ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun

Ẹni tó bá ti gba sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ padà nítorí jẹjẹrẹ inú egungun tí wọ́n ń pè ní multiple myeloma, tí dókítà sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Lenalidomide, bortezomib àti dexamethasone ni tèmi. Ìsánlú ni mo ń gbé, n ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan: ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, wàhálà rẹ̀ náà ò kéré.

Àwọn ará ilé kọ́kọ́ bi mí pé, ṣebí wọ́n ti lo melphalan, oògùn jẹjẹrẹ líle, fún ẹ ní Íńdíà, wọ́n ti dá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà lára rẹ padà, irun ti hù, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni pé àìsàn yìí kì í sábà tán pátá. Díẹ̀ á sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn, á tún máa bí sí i. Lenalidomide nìkan ni wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yẹn. Àyẹ̀wò fi hàn pé irú tó ń yára padà ni tèmi, ìdí nìyẹn tí dókítà fi so mẹ́ta pọ̀.

Bortezomib ló yé mi jù. Sẹ́ẹ̀lì burúkú yìí ń ṣe purotéènì jáde láìdúró, ó sì ní ibì kan tó ti ń fọ́ èyí tó bàjẹ́ sí wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí á ti ibẹ̀ pa, ìdọ̀tí á kún inú rẹ̀ bí ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbá, á sì kú. Lenalidomide ń jí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà dìde. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí kálukú ń gbà bá a jà.

Kápúsù lenalidomide 10 mg ni mò ń lò lálaalẹ́ fún ọjọ́ 21, n ó sinmi ọjọ́ 7. Abẹ́rẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lábẹ́ awọ ikùn. Aspirin wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá lo dexamethasone, tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dì, ojú mi kì í pàdé. Gbogbo àkùkọ àdúgbò ni mo máa ń gbọ́. Dókítà ní kí n máa lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì dín kù. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ta bí iná ló nira jù fún mi, ẹ tètè sọ fún dókítà kó lè dín abẹ́rẹ́ bortezomib kù.

Ẹ má ṣí kápúsù lenalidomide yẹn o. Ìbátan thalidomide ni, oògùn tó sọ ọ̀pọ̀ ọmọ inú oyún di aláìlápá, aláìlẹ́sẹ̀ láyé ìgbà kan. Ìyàwó ọmọ mi tó ṣì ń bímọ kì í fọwọ́ kan ike rẹ̀. Ọkùnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù.

Ìlọrin ni mò ń lọ gba abẹ́rẹ́, láti Ẹ̀gbẹ̀ gba Òmù-Àrán, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà. Ilé àyẹ̀wò kan gbowó mi, èsì ò jáde títí ọjọ́ abẹ́rẹ́ fi kọjá, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gún un láìmọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Inú bí mi gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí àìsàn ń jà, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́ nílẹ̀. Ní báyìí, wọn ò rí M protein, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì burúkú yẹn ń tú jáde, nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, mo sì ti ń dé oko. Bí wọ́n bá ní kí n tún yàn, òun náà ni n ó yàn.

Ẹ jìnnà sí àgbo àti ibuprofen nítorí kídìnrín. Bí ara yín bá sì gbóná dé 38°C, ẹ má rò pé ibà lásán ni kẹ́ ẹ wá lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá jẹ́ òru.