Ọjọ́ mẹ́fà nítorí òdo kan ṣoṣo

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fi sọ́fítíwíà yìí ya gíráàfù àwọn sípíkà tí mo bá ṣe. Ó ń sọ nọ́ńbà di gíráàfù, ó sì ń ka nọ́ńbà láti inú àwòrán gíráàfù. Ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ.

Mo wọn sípíkà tuntun kan, mo kó àbájáde rẹ̀ sínú fáìlì CSV (nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ́mà pín), mo gbé e wọlé, mo sì yan lọ́gù (ìwọ̀n tó ń fi ìlọ́po rìn dípò àròpọ̀) fún ìlà ìbú tó wà nísàlẹ̀ gíráàfù. Ìlà kan ló nà gbọọrọ láti apá òsì bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ju ìdajì ojú gíráàfù lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ wò, láti 20 Hz dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ká jọ sí etí ọ̀tún, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo wo nọ́ńbà tí ìlà ìbú fi bẹ̀rẹ̀: 0.000001. Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀? Kò sí nínú fáìlì mi.

Mo kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lóru ọjọ́ náà. Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ yọ sọ́fítíwíà náà kúrò, kí ẹ tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà yín.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ ló lọ, okùn yẹn kò lọ. Ẹnìkejì ní fáìlì mi ló bàjẹ́. Mo bi í pé èwo ló bàjẹ́ nínú gbogbo ìlà 32,769 tó wà nínú fáìlì náà, ó dákẹ́. Nígbà tí mo tún kọ̀wé, ohun tó fi dá mi lóhùn rèé: “Bí gíráàfù lọ́gù ṣe ń rí nìyẹn. Tó bá yá, ó máa mọ́ yín lára.”

Inú bí mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo ti ń fi rúlà àti pẹ́ńsù ya lọ́gù sórí bébà!

Arábìnrin kan ló gba ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kẹfà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ sí mi, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Kò tó wákàtí kan tó fi padà dé: “Mo ti rí i, ẹ má bínú. 0 Hz ni ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín. Sọ́fítíwíà wa fi 0.000001 rọ́pò rẹ̀ láì sọ fún yín. Ẹ̀bi wa ni. Ẹ pa ìlà kan yẹn rẹ́.”

Ó yẹ kí èmi náà ti mọ̀. Lórí lọ́gù, ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá la fi ń rìn: ààyè tó wà láàárín 20 àti 200 kò ju ti 200 sí 2,000 lọ. Bí ẹ bá ń padà sí òsì, 10 á di 1, 1 á di 0.1, 0.1 á di 0.01, ẹ ò ní bá òdo láéláé. Mo pa ìlà náà rẹ́, okùn pòórá, gíráàfù sì kún ojú ìwé.

Ó tún ṣàlàyé ohun tí mi ò bi í. Ìgbà 48,000 ni mo ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo sì lo 65,536 nínú àwọn ìwọ̀n náà, nítorí náà 0.73 Hz ló wà láàárín àmì kan àti èkejì lórí gíráàfù. Láti 20 sí 40 Hz, bí àmì 27 péré ni mo ní. Láti 10,000 sí 20,000, ó lé ní 13,600, bẹ́ẹ̀ ààyè kan náà ni méjèèjì gbà lórí lọ́gù. Ìdí nìyẹn tí apá òsì fi rí págunpàgun, tí apá ọ̀tún dúdú bí ibi tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ó fi bọ́tìnnì tó ń tò wọ́n sí àmì 48 fún ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan hàn mí. Ọdún kan gbáko, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbádùn rẹ̀. Àwòrán lásán ni gíráàfù tí àwọn tó ṣe ẹ̀yà sípíkà mi tẹ̀ jáde, kò sí fáìlì nọ́ńbà. Mo gbé àwòrán náà wọlé, mo tẹ ibi 20 àti 20,000, mo yan lọ́gù fún ìbú. Mo fi òró, ìlà tó lọ sókè, sílẹ̀ bó ṣe wà, torí dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) fúnra rẹ̀ ti jẹ́ lọ́gù. Mo gbé ọfà sí àárín gbùngbùn, ó ka 632 Hz. Ó tọ̀nà! Sọ́fítíwíà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ á ka 10,010, torí bí ẹni ń pín rúlà ló ṣe ń pín in. Mo wá so ìlọ́po mẹ́wàá kan ní ìbú mọ́ 25 dB ní òró, bí IEC 60263, ìlànà àgbáyé fún yíya irú gíráàfù yìí, ṣe gbà á láyè, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ gíráàfù títí òkè á fi dà bí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo gbé tèmi lé tiwọn: láti 300 dé 5,000 Hz, ìyàtọ̀ wọn kò pé 1 dB. Mo pariwo nínú yàrá.

Sọ́fítíwíà náà ṣì ń ṣi kọ́mà kà o: 1,5, bí àwọn kan ṣe ń kọ 1.5, á di kọ́lọ́ọ̀mù méjì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí ìkìlọ̀ kankan nípa òdo. Ẹni tó bá gbé irú fáìlì mi wọlé lónìí, okùn yẹn náà ló máa bá pàdé.

Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀, mi ò sì ní lo òmíràn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ṣì ń dùn mí.