Ìkòkò prẹ́ṣà, sítéńlẹ́ẹ̀sì, bàbà àbí gíláàsì: èwo lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òróró ewé nílé?

Kì í ṣe ògógóró la fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ọtí tà, ọ̀dọ̀ NAFDAC ni kó kọ́kọ́ gbà lọ. Òróró ewé tíì (lemongrass) àti ti èèpo ọsàn ni tiwa, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara láti Mushin dé Ṣómólú ń wá kiri. Iṣẹ́ méjèèjì jọra, ṣá: omi á hó, ooru rẹ̀ á gba àárín ewé kọjá, á kó òróró dání, á wọ páìpù tó tutù, á sì padà di omi. Òróró á wá léfòó sókè.

Ìkòkò prẹ́ṣà ló rọjú jù. Ó ṣeé ṣe kó ti wà nílé yín, páìpù bàbà tí àwọn atún-firíìjì-ṣe ń lò náà kò sì ṣòro rí. Ajere kékeré ni ẹ máa gbé ewé lé kó má bàa kan omi, kó má sì jóná. Ibi tí ẹ̀rù wà ni ihò tí ooru ń gbà jáde. Ihò yẹn tín-ín-rín gan-an, èérún ewé kan péré lè dí i, nígbà náà bọ́ǹbù lẹ gbé ka iná. Ẹ má yọ fáàfù ààbò ara ìdérí kúrò rárá, ẹ má sì ki ewé kún un dé ọrùn. Èkejì ni pé alumí ló pọ̀ jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ omi èèpo ọsàn máa ń jẹ alumí. Ewé tíì nìkan ni mo lè gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi sè.

Ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì 20 lítà tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, tòun ti báàfù kékeré tí páìpù wé sínú ẹ̀, ni èmi máa rà tó bá jẹ́ pé owó wà. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ojúlówó sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í sábà fa òòfà, àfi bóyá níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Èyí tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ gbàgbà níbi gbogbo, kí ẹ fura sí i. Ẹ fi ìka tọ inú ẹ̀ níbi tí wọ́n jó pọ̀, kó má ṣe rí hákahàka. Ẹ má jẹ́ kí tẹmọ́mítà ara ìdérí wọ̀ yín lójú débi tí ẹ óò fi sanwó lé e. Ẹni tó ń pọn ọtí ló wúlò fún, torí nǹkan bíi 78°C lọtí ń hó. Ní tiwa, 100°C náà ni, ẹ wò ó, ẹ má wò ó. Tí ìdérí bá ń jò, ẹ po fùláwà mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi lẹ ẹnu ẹ̀ yípo.

Àwọn wẹ́dà Òwòdé Onírin náà lè ṣe irú ẹ̀ fún yín, ó sì lè nípọn ju ti Ṣáínà lọ. Ohun tí ẹ máa tẹnu mọ́ ni pé wọn ò gbọdọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò so páìpù. Òjé ló máa ń wà nínú ẹ̀.

Ti bàbà rẹwà, ẹ óò fẹ́ gbé e sí pálọ̀. Àwọn tó ń pọn ọtí fẹ́ràn ẹ̀ torí ó máa ń mú òórùn imí-ọjọ́ kúrò nínú ọtí, ṣùgbọ́n ewé tíì kò ní irú wàhálà yẹn. Ẹ óò kàn máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kó má bàa dúdú ni.

Ti gíláàsì, ẹ ń wo òróró bó ṣe ń kóra jọ lójúkojú. Àmọ́ ewé tútù ò ju kí ó fún yín ní òróró tó tó gíráàmù 2 sí 5 lórí kílò kan lọ, ìgò 2 lítà kò sì lè gba ìdajì kílò ewé. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ dán nǹkan wò, kò dára fún ẹni tó fẹ́ tà. Nínú ìkòkò 20 lítà, ewé kílò 3 tí ẹ gé wẹ́wẹ́ á fún yín ní gíráàmù 6 sí 15.

Omi ìtutù, ìyẹn omi tí páìpù rì sínú ẹ̀ kó lè tutù, gan-an ló máa ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu, kì í ṣe ìkòkò, kò sì sí ọlọ́jà tó máa sọ ọ́ fún yín. Lítà kan péré tó bá kán jáde, ó ti gbé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà sókè ní nǹkan bíi 30°C. Omi tí ẹ bù ní 28 á ti di 58, páìpù á gbóná, ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Òórùn aládùn tó bá gba gbogbo ilé nígbà yẹn, òróró yín ló ń fò lọ. Ní àdúgbò tí ẹ ti ń ra omi ní kéègì, ìyẹn kì í ṣe eré. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà àti pọ́ọ̀ǹpù kékeré ni kí ẹ rà: kódà tí lítà 2 bá kán, omi dúrọ́ọ̀mù kò ní fi ju nǹkan bíi 6°C lọ gbóná sí i. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, yóò ti tutù, ẹ tún lò ó. Tó bá yá ẹ fi fọṣọ. Ìsàlẹ̀ ni kí omi tútù gbà wọ báàfù, kó gba òkè jáde.

Nípa iná, gáàsì ni o. Sítóòfù iná mànàmáná 1500 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Pọ́ọ̀ǹpù nìkan ni ó lè gbé. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì dúró tì í.

Èèpo ọsàn ò gbówó lórí. Àwọn tó ń bó ọsàn tà lẹ́bàá títì ní Ketu, awọ òkè tín-ín-rín lọ̀bẹ wọn ń hó, ibẹ̀ gan-an sì lòróró wà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kó o sínú àpò fún yín. Ṣùgbọ́n òróró ọsàn máa ń jẹ rọ́bà, ó sì lè mú ike wú, nítorí náà ìgò dúdú kékeré ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe ike omi.