A-level Politics ti Edexcel: ibi tó ti dáa àti ibi tí máàkì ti ń jò

Àkọ́sórí nìkan kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ là nínú kọ́ọ̀sì ìṣèlú yìí, tí àjọ ìdánwò Edexcel ń ṣètò fún àwọn tó ń múra fún yunifásítì ní Ìlú Ọba. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìròyìn ìṣèlú Ìlú Ọba, tó sì lè jiyàn kó má bínú, ni yóò gbádùn rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní sixth form (ìpele tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama), ìdánwò ìparí ló sì ni gbogbo èsì: ìwé ìdánwò mẹ́ta, wákàtí méjì-méjì, máàkì 84 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìwé kìíní àti ìkejì, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń dáhùn: méjì jẹ́ máàkì 30, ẹ̀kẹta jẹ́ 24. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́, kí 34 ṣẹ́ kù fún èyí tó kẹ́yìn. Nínú máàkì 30 náà, 10 péré ló wà fún ìmọ̀. 10 wà fún ìtúpalẹ̀, 10 fún ìdájọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ọdún òfin gbogbo lórí ṣì fi lè gba èsì tí kò wúni lórí.

Ibi tí máàkì ti ń jò jù ni ìbéèrè tó ní àyọkà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kà á tán, wọ́n á pa á tì, wọ́n á wá máa da ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ jáde. Inú àyọkà ni àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ ti wá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ so èyí tó ti ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè lẹ́yìn mọ́ èyí tó takò ó, kí ẹ sì fi ìpínrọ̀ kan jiyàn lórí méjì-méjì wọn. Ká ní àyọkà sọ pé ètò ìbò Ìlú Ọba ń bí ìjọba tó lágbára: lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ Labour fi ìdá 33.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kó ìjókòó 411 nínú 650, nígbà tí ẹgbẹ́ Reform UK ní ìdá 14.3, tó sì mú márùn-ún péré. Agbára wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ̀tọ́ àtiṣèjọba bá a dọ́gba? Inú ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ ti dá ẹjọ́ náà. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ìparí.

Ìbéèrè máàkì 24 ń fẹ́ ó kéré tán onímọ̀ méjì látinú sílébọ́ọ̀sì. Dídárúkọ wọn lásán kò tó. Lábẹ́ conservatism (èrò ìṣèlú tó fẹ́ pa àṣà àti ètò tó ti wà mọ́), Hobbes fẹ́ aláṣẹ tó lágbára kí ìlú má bàa dà rú. Nozick ní kí ìjọba máa ṣọ́ ẹ̀mí àti dúkìá, kó má tọrùn bọ ohun mìíràn. Ìjà èrò àwọn méjèèjì ló ń mú máàkì wá.

Ìwé àlòkù dín owó kù, àmọ́ ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó jáde ní 2017 ṣì ń kọ́ni ní Fixed-term Parliaments Act (òfin tó ní kí ìbò gbogbogbòò máa wáyé ní ọdún márùn-ún márùn-ún) bí òfin tó wà láàyè, bẹ́ẹ̀ 2022 ni wọ́n fagi lé e. Orí tó wà fún àwọn onímọ̀ ṣì wúlò níbẹ̀. Ti Parliament ni kò ṣeé gbára lé.

Ìwé kẹta lè jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí ìṣèlú àgbáyé, ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń yàn án. Tó bá bọ́ sí Amẹ́ríkà, ìbéèrè máàkì 12 nìkan ló ń béèrè pé kí ẹ fi wé Ìlú Ọba. Ẹni tó bá mú ìfiwéra náà wọnú ti máàkì 30, àkókò ara rẹ̀ ló ń jẹ.