Ákítẹ́ẹ̀tì tó bá wa ya ilé wa ní Kubwa: ohun tó dùn mọ́ mi àti ohun tó dùn mí

Ilẹ̀ tí a rà ní Kubwa, l'Abùjá, fẹ̀ ní mítà 20, ó gùn ní 30. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, àpáta kan sì yọrí ní igun kan. Bàbá Tómi fẹ́ kí bíríkìlà tó kọ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ílọrin wá bá wa lé ìpìlẹ̀, kí a máa wo ìyókù bó bá ṣe ń lọ. Mo yarí. Ojú mi ni katapílà ṣe wó BQ (ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé) ìyá kan ládùúgbò wa, ilé tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára ṣáájú. Ìyá náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, kò lè sunkún. Mo ní a kò ní gbẹ́ ilẹ̀ kankan láìsí ákítẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo ti kọ iye yàrá àti bálùwẹ̀ tí mo fẹ́ sórí ìwé dè é. Kò tilẹ̀ wò ó. "Mà, ẹ má bínú, ìwé ilẹ̀ yín ni kí n kọ́kọ́ rí." Ó gbé ẹ̀dà R of O wa, ìwé ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, lọ sí AGIS, ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abùjá wà, láti wádìí bóyá ilẹ̀ náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá kó tó mú bírò. Nígbà náà ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo fi ń yìn ín lónìí. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá máa ń rò pé bí a bá ti tẹ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Níbí, láti 1976 ni òfin ti sọ gbogbo ilẹ̀ Abùjá di ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé tí baálẹ̀ fọwọ́ sí kò lè gba ilé lọ́wọ́ katapílà.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló dá ìjà sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń fọkàn ro ṣọ́ọ̀bù méjì tí yóò kọjú sí títì, níbi tí màá ti máa ta lẹ́ẹ̀sì àti aṣọ òkè. Ó ní ilé gbígbé ni ìwé wa pè é, òun kò ní yà á. Bàbá Tómi bẹ̀ ẹ́, mo fẹ̀sùn kàn án pé kò fẹ́ ire wa, kò yí padà. Lẹ́yìn náà ló fi pẹ́ńsù fa ìlà ààyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láìkọ́lé sí: mítà 6 níwájú, 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ ilé ku mítà 14. Àyà mi já.

Ṣùgbọ́n inú mítà 14 yẹn ló ti fi hàn wá pé òun mọṣẹ́. Ó jẹ́ kí gíga ilẹ̀ náà ṣiṣẹ́ fún wa: yàrá ìyá ọkọ mi wà nísàlẹ̀, ó bá ilẹ̀ dọ́gba, mà-á-mi kò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ibi ìdáná ṣí sí ẹ̀yìn, níbi tí a ti lè gbé ìkòkò ńlá kaná lọ́jọ́ ìnáwó. Ó mọ̀ pé apá àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ń gbé eruku bọ̀, fèrèsé kékeré méjì péré ló fi síbẹ̀. Bálùwẹ̀ àti àtẹ̀gùn ló kó sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn oṣù kẹta má baà wọ yàrá tí a ń sùn. Ó tún la gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ ilé, kí omi òjò tó ń ti òkè bọ̀ má baà wọ ilé aládùúgbò. Èmi kò tíì rí ẹni tó ronú kan aládùúgbò nínú pláànì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé owó tí a san fún un kò kan ti ẹnjiníà tí yóò ṣírò òpó àti ìrin. Ìgbà tí iṣẹ́ dé ìdajì la gbọ́, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ la sì fi san án. Bẹ́ẹ̀ náà ló fi ìwé kan tí kò ní èdìdì ẹnjiníà ránṣẹ́ sí Development Control, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí pláànì ilé, wọ́n dá fáìlì padà, ó jẹ wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbé fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ ní kó kọ gbogbo owó sílẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un, màá sì tún gbé iṣẹ́ fún un.

Ìwé àṣẹ jáde ṣáájú òjò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n na okùn ìpìlẹ̀, ó wá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a pè é, ó sì wọn apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Okùn ti wọ inú ààyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó ní kí wọ́n tú u. Bíríkìlà kùn, ó sì tú u.