Ẹ fẹ́ kí píkọ́ọ̀pù yín jókòó sílẹ̀? Notch mẹ́ta tó wà lọ́jà, àti bí ẹ ṣe máa wọn ṣáàsí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọjọ́ tí mo fi fídíò píkọ́ọ̀pù mi ránṣẹ́ sí bàbá mi n'Ìbàdàn, tí afẹ́fẹ́ ń jáde fììì tí ọkọ̀ ń rọra lọ sílẹ̀ títí ikùn ẹ̀ fi kan kọnkéré, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé sípíríǹgì ẹ̀ já ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Nílé, torí kòtò làwọn èèyàn ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè, àwa tá a wà ní Texas níbí wá ń fowó gidi gbé e wálẹ̀.

Tí afẹ́fẹ́ bá jáde nínú báàgì, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ tá a fi rọ́pò sípíríǹgì, axle, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ò lọ síbì kankan o, táyà ló gbé e dúró, ṣáàsí ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ibi táwọn méjèèjì ti máa pàdé yẹn la máa ń gé kúrò, ká tó wá fi irin tó nípọn dí i padà kí ṣáàsí má baà kán. Notch nìyẹn.

Èyí tó wọ́n kéré jù ni bolt-in. Ẹ máa gé ìlàjì òbìrípo sí ìsàlẹ̀ ṣáàsí, ẹ lu ihò, ẹ fi bóòtù de irin tí wọ́n ti ṣe bíi lẹ́tà C mọ́ ọn, kò gba wẹ́dà. Ọkọ̀ kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, bíi Chevrolet C10 ti 1973 sí 1987, C1500 ti 1988 sí 1998, tàbí S-10. Ààyè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fún yín ò ju nǹkan bí ínṣì 2 sí 3 lọ. Òun ni mo kọ́kọ́ rà, torí ẹni tó tà á fún mi ní ó máa tó fún báàgì, èmi náà ò sì wọn nǹkan kan, owó ẹ̀ ni mo wò. Ọjọ́ tí mo gba orí ojú irin rélùwéè kọjá, gbà! ni axle gbá ṣáàsí, mo rò pé ẹnì kan kọ lù mí látẹ̀yìn ni.

Èkejì ni C tí wọ́n ń jó mọ́ ṣáàsí, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì le dáadáa tí wẹ́dà bá mọṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni step notch, ìyẹn ni pé wọ́n máa gé ṣáàsí já pátápátá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wá fi irin ṣe bíi afárá gba orí axle kọjá. Èyí lè fún yín ní ínṣì 8, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ afárá yẹn máa yọ sínú ibi ìkẹ́rù, ẹ máa gé ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó bá ṣì ń fi ọkọ̀ ẹ̀ kó sìmẹ́ńtì kó rò ó dáadáa.

Ó wá ku wíwọ̀n, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n á kàn fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín axle àti ṣáàsí níbi tí ọkọ̀ dúró sí, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán o. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, ẹ yọ rọ́bà tó máa ń gba axle dúró lábẹ́ ṣáàsí. Ẹ fi irin gígùn tó tọ́ gba abẹ́ ṣáàsí níbi tí àwọn èèyàn ń jókòó sí lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá wọn láti orí irin yẹn lọ sókè dé ìsàlẹ̀ ṣáàsí gan-an níbi tó ti tẹ̀ gba orí axle. Ká ní ẹ rí ínṣì 8.

Ó kan táyà, táyà tẹ́ ẹ máa lò gan-an o, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí. 265/35R22 ga tó nǹkan bí ínṣì 29.3, ìlàjì ẹ̀ jẹ́ 14.6, ibẹ̀ ni àárín axle máa wà. Tí páìpù axle bá fẹ̀ tó ínṣì 3, ẹ fi 1.5 kún un, orí axle ti di 16.1 sílẹ̀. Ẹ yọ 8 tẹ́ ẹ wọ̀n kúrò, ó ku 8.1. Ẹ fi ínṣì kan kún un kó rí ààyè mí, ó di 9. Ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ò sì ga ju nǹkan bí ínṣì 6 lọ, kí lẹ fẹ́ gé C sí nínú ẹ̀? Step notch ni, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ 255/35R20 lẹ fẹ́ lò, táyà ti di 27, notch ti di 8. Ẹ rí i pé rímù ńlá táwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn yẹn náà ló ń jẹ ṣáàsí.

Àmọ́ tí nǹkan míì bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ ju ṣáàsí lọ, bóyá etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tàbí ẹ́sọ́ọ̀sì, òun ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Tó bá fi ínṣì 2 rẹlẹ̀, 8 yẹn ti di 10, notch 9 ti di 7, ẹ máa kàn fowó gé irin lásán ni tẹ́ ẹ bá gé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báàgì náà, tó bá ti rọ̀ pátápátá, ṣì máa ń ga tó nǹkan bí ínṣì 3, tí irin tó gbé e dúró ò bá jẹ́ kí ọkọ̀ lọ sílẹ̀ tán, notch ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Fífẹ̀ ńkọ́? Axle kì í gòkè ní gbọọrọ. Tí ọ̀pá 4-link yín, ìyẹn ọ̀pá mẹ́rin tó so axle mọ́ ṣáàsí, bá gùn tó ínṣì 24, tí axle sì fi ínṣì 5 gòkè láti ibi tí ọ̀pá ti tẹ́jú, ó máa fi ìlàjì ínṣì sún síwájú. Páìpù 3, ìlàjì yẹn, àti ààyè lọ́tùn-ún lósì, mi ò ní gé é kó kéré sí 5. Ẹ má gbàgbé dífírẹ́ńṣà àti pùrọ̀pẹ́là, àwọn náà ń bá axle gòkè ni, àwọn ló sì sábà máa ń gbá ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù.

Èmi ò ní sọ fún yín pé bolt-in ò dáa. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀ rẹlẹ̀ ní ínṣì 4 tàbí 5, tí ò ní kó kanlẹ̀, òun gan-an ló yẹ. Èyí tí wọ́n ń jó wà fún ẹni tó ń gun ọkọ̀ ní rírẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kí wẹ́dà tó fi iná kan ohunkóhun, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ sún páìpù bíréèkì àti ti epo kúrò lára ṣáàsí, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan tó lágbára gbé ṣáàsí dúró níwájú lẹ́yìn ibi tí wọ́n fẹ́ gé.

Kẹ́ ẹ tó ra notch, ẹ gé páálí sí bí notch yẹn ṣe rí, ẹ fi sẹ́lótépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí, ẹ yọ sípíríǹgì, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé axle sókè díẹ̀díẹ̀ dé ibi tẹ́ ẹ ṣírò. Tí páìpù bá yọ kọjá páálí, ẹ wá èyí tó tóbi jù ú lọ.